Ọyẹ́ Ni àbí Èéfín? Ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ Ìbàdàn, ìgbà tó ń pọ̀ jù àti ibi tó ti ń pọ̀ jù

Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti wọlé, tí òkè Mápó kò fi bẹ́ẹ̀ hàn kedere mọ́ fún ẹni tó dúró ní Òkè-Ààrẹ, àwọn ará Ìbàdàn a bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán nọ́ńbà ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp. Nọ́ńbà náà ni fóònù ń pè ní ìwọ̀n ìdọ̀tí tó wà nínú afẹ́fẹ́ ìlú lọ́jọ́ náà. Ẹnìkan á ní ọyẹ́ lásán ni, pé àwọn bàbá wa ti fà á símú kó tó kàn wá. Ẹlòmíràn á ní jẹnẹrétọ̀ àti takisí Micra ló fà á. Ẹni kẹta á ní irọ́ ni nọ́ńbà náà ń pa, nítorí pé àdúgbò tòun mọ́. Bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, àríyànjiyàn náà á lọ sílẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí ojútùú rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ní òtítọ́ díẹ̀ lọ́wọ́, torí pé ohun tí ìgbà ń ṣe sí afẹ́fẹ́ yàtọ̀ sí ohun tí àdúgbò ń ṣe sí i, nọ́ńbà kan ṣoṣo kò sì lè sọ méjèèjì.

Kí ni wọ́n ń wọ̀n gan-an?

Àwọn èérún tín-tìn-tín máa ń léfòó nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí símú: iyanrìn tó ti kúná, eérú, èéfín, ohun tó rún kúrò lára táyà, iyọ̀ òkun, àti àwọn nǹkan tí gáàsì ń dì sí bí wọ́n bá pàdé ara wọn lókè. Bí wọ́n ṣe tóbi sí ni àwọn onímọ̀ fi ń pín wọn. Èyí tí ìbú rẹ̀ kò ju máíkírómítà 10 lọ ni wọ́n ń pè ní PM10, èyí tí kò ju máíkírómítà 2.5 lọ sì ni PM2.5. Ẹgbẹ̀rún kan máíkírómítà ló wà nínú mìlímítà kan. Fọ́nrán irun orí ènìyàn sábà máa ń nípọn tó máíkírómítà 50 sí 70, nítorí náà ó kéré tán, ogún èérún PM2.5 lè tò láti etí kan irun dé etí kejì.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Èyí tó tóbi nínú wọn, imú àti ọ̀nà ọ̀fun ló ń dá púpọ̀ rẹ̀ dúró. Òun ni à ń rí nínú ikun tí a bá fọn lálẹ́ lẹ́yìn tí a ti jókòó sínú ọkọ̀ tí fèrèsé rẹ̀ ṣí láti Iwo Road dé Challenge. PM2.5 kò dúró níbẹ̀. Ó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ jìnnà, dé ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tó kéré jù nínú rẹ̀ sì lè bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn àti ọpọlọ. Ojú kì í rí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ikun imú kì í sì í jẹ́rìí sí i.

Máíkírógíráàmù, ìyẹn ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù kan, ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, nínú afẹ́fẹ́ tó kún àpótí tí ìbú, òró àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, Àjọ Ìlera Lágbàáyé, WHO, gbé òdiwọ̀n tuntun jáde: PM2.5 kò gbọdọ̀ ju 5 lọ tí a bá pín in dọ́gba jálẹ̀ ọdún, kò sì gbọdọ̀ ju 15 lọ láàrin wákàtí mẹ́rìnlélógún. Ti PM10 jẹ́ 15 fún ọdún àti 45 fún ọjọ́ kan. Kó tó di ìgbà náà, 10 ni òdiwọ̀n ọdún fún PM2.5, láti ọdún 2005. Wọ́n dín in kù sí ìdajì nítorí pé ìwádìí ń fi hàn pé ìwọ̀n kékeré pàápàá ń pa ènìyàn lára. WHO fúnra rẹ̀ sọ pé ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ènìyàn ayé ló ń gbé níbi tí afẹ́fẹ́ ti kọjá òdiwọ̀n yìí. Ìdí nìyí tí kò fi sí àríyànjiyàn gidi lórí bóyá Ìbàdàn kọjá a. Ohun tó kù láti bèèrè ni ìwọ̀n tó fi kọjá a, ìgbà wo, àti lórí ta ni.

Ṣé nọ́ńbà orí fóònù ṣé é gbára lé?

Ó ṣé é lò, bí a bá mọ ohun tó ń sọ. Ọ̀pọ̀ áàpù kì í fi máíkírógíráàmù hàn. Àtẹ tí àjọ tó ń rí sí àyíká nílẹ̀ Amẹ́ríkà, EPA, ṣe ni wọ́n ń lò, tí wọ́n ń pè ní AQI, tó lọ láti 0 dé 500. Lẹ́yìn àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí àtẹ náà lọ́dún 2024, PM2.5 tó jẹ́ máíkírógíráàmù 9 ni AQI 50, 35.4 ni AQI 100, 55.4 sì ni AQI 150. Ẹni tó bá rí 150 lórí fóònù, tó wá sọ pé ó jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá òdiwọ̀n WHO fún ọjọ́ kan, ti kó nọ́ńbà méjì tí kì í ṣe ẹbí pọ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn 150 yẹn jẹ́ nǹkan bíi máíkírógíráàmù 55, tó lé díẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta ààbọ̀ òdiwọ̀n náà. Ìyẹn burú tó láìfi iyọ̀ sí i.

Ohun kejì ni pé ọ̀pọ̀ ìgbà, kò sí ẹ̀rọ kankan nítòsí ibi tí ẹ wà tó wọn nọ́ńbà náà. Kọ̀ǹpútà ló ṣírò rẹ̀ láti inú ohun tí sátẹ́láìtì rí àti bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́. Ètò Copernicus ti ilẹ̀ Yúróòpù, tó ń pèsè irú ìṣirò báyìí fún gbogbo ayé, ń pín ilẹ̀ sí onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 40. Bí ẹ bá gbé irú onígun mẹ́rin bẹ́ẹ̀ lé Ìbàdàn lórí, Mọ́níyà, Ọ̀jọ́ọ̀, Ọjà'ba àti Challenge lè jọ wọ inú rẹ̀, nọ́ńbà kan náà á sì jẹ́ ti gbogbo wọn. Ìṣirò bẹ́ẹ̀ mọ ìgbà tí eruku ń bọ̀ láti aṣálẹ̀ dáadáa. Kò mọ jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn fèrèsé yín.

Níbi tí ẹ̀rọ bá sì wà, ẹ̀rọ kékeré tí owó rẹ̀ kò wọ́n ló sábà máa ń jẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ló ń tàn sí afẹ́fẹ́, tó sì ń ka bí èérún ṣe ń tú ìmọ́lẹ̀ náà ká. Bí ọ̀rinrin bá pọ̀, omi máa ń lẹ̀ mọ́ èérún, ẹ̀rọ á wá kà á ju bó ṣe rí lọ. Bí ó bá sì jẹ́ eruku ọyẹ́ tó tóbi díẹ̀ ló gbòde, ẹ̀rọ náà lè fò ó dá. Ọ̀nà tó dájú jù ni kí wọ́n fa afẹ́fẹ́ gba inú asẹ́ tín-ín-rín kan kọjá, kí wọ́n wọn asẹ́ náà ṣáájú àti lẹ́yìn lórí òṣùwọ̀n yàrá ìwádìí. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Ìbàdàn ti ń lọ wọn afẹ́fẹ́ ní gáréèjì, ọjà àti ilé ìdáná láti ọdún pípẹ́, ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ a máa gba owó àti àsìkò, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì máa ń jẹ́ fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀, ní ibi díẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìgbà ọyẹ́ ló ń burú jù?

Ohun mẹ́rin ló ń pàdé lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló sì jẹ́ ọyẹ́.

Àkọ́kọ́ ni eruku aṣálẹ̀ fúnra rẹ̀. Láàrin òkè Tibesti àti òkè Ennedi, ní orílẹ̀-èdè Chad, ilẹ̀ kòtò kan wà tí wọ́n ń pè ní Bodélé. Nígbà kan rí, omi ló bo ibẹ̀, nígbà tí adágún Chad tóbi ju bó ṣe rí lónìí lọ fíìfíì. Omi náà gbẹ, ó sì fi ẹrẹ̀ funfun tó kún fún ìkarawun àwọn ohun abẹ̀mí tín-tìn-tín inú omi sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń ti àríwá ìlà-oòrùn bọ̀ máa ń rọ́ gba àárín òkè méjèèjì kọjá, agbára rẹ̀ á pọ̀ sí i, á sì gbé ẹrẹ̀ gbígbẹ náà sókè. Bodélé wà lára àwọn ibi tí eruku ti ń jáde jù lọ ní gbogbo ayé. Láti ibẹ̀ dé Ìbàdàn lé ní kìlómítà 1,500. Èyí tó wúwo nínú eruku náà á ti bọ́ sílẹ̀ sí apá òkè ọya. Èyí tó kúná ló ń dé ọ̀dọ̀ wa, láàrin oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní ló sì máa ń le jù.

Èkejì ni àìsí òjò. Òjò ló ń fọ afẹ́fẹ́. Bí kò bá sí i fún oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ohun tó gòkè kò ní ohun tí yóò fà á wálẹ̀ àfi ìwúwo tirẹ̀, PM2.5 kò sì ní ìwúwo kankan tó ṣeé sọ. Ilẹ̀ tí kò ní ọ̀dà náà á ti gbẹ táútáú. Ní àwọn àdúgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòòrò, bíi apá Ológunẹ́rú, Àpẹ́tẹ̀ àti ọ̀nà Mọ́níyà, ọkọ̀ kan ṣoṣo tó bá kọjá lórí títì eléruku tó láti pa ewé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láró fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí kì í hàn sí ọ̀pọ̀ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló jẹ́ kí òwúrọ̀ àti alẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn burú ju ọ̀sán lọ. Ní àsìkò tí òjò bá ń rọ̀, ìkùukùu máa ń bo ojú ọ̀run lóru, ilẹ̀ kì í sì í tutù jù. Ní ìgbà ọyẹ́, ojú ọ̀run ṣófo, ilẹ̀ á yára tu ooru rẹ̀ dànù lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Afẹ́fẹ́ tó sún mọ́ ilẹ̀ á tutù, èyí tó wà lókè rẹ̀ á ṣì móoru. Afẹ́fẹ́ tútù kò sì lè gòkè kọjá èyí tó móoru. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n dé ìkòkò lórí iná. Gbogbo èéfín tí ìlú bá tú jáde láti ìrọ̀lẹ́ títí di òwúrọ̀ á dúró sí abẹ́ ìdérí náà, títí oòrùn yóò fi mú ilẹ̀ gbóná, tí ìdérí á sì ṣí ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀. Ìbàdàn jẹ́ ìlú olókè àti àfonífojì, afẹ́fẹ́ tútù a sì máa ṣàn lọ síbi tó rẹlẹ̀ bí omi. Ibi tó wà ní ìsàlẹ̀, bí àwọn àdúgbò tó tẹ̀ lé odò Ògùnpa, ni ìdérí náà ti máa ń pẹ́ ṣí.

Ẹ̀kẹrin ni iná. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àgbẹ̀ ń sun oko kó tó gbin nǹkan, òun ni ọdẹ ń sun igbó, òun náà sì ni pàntí gbẹ tó láti gba iná. Èéfín oko tó ń jó ní Ìbàràpá tàbí ní Òkè-Ògùn kì í dúró sí ibi tó ti ń jó.

Ṣé bí òjò bá ti dé, wàhálà tán?

Ó dínkù gidigidi, kò tán. Ẹ̀kán òjò máa ń gbá PM10 mú dáadáa bó ṣe ń bọ̀. Ṣùgbọ́n èérún tí ìbú rẹ̀ kéré sí máíkírómítà kan máa ń yẹ̀ fún ẹ̀kán òjò, á bá afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ. Nítorí náà, lẹ́yìn òjò ńlá, ojú á ríran jìnnà, gbogbo ènìyàn á sì gbà pé afẹ́fẹ́ ti mọ́, nígbà tí ohun tó kù síbẹ̀ jẹ́ irú èyí tó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró jìnnà jù.

Ohun kan tún wà tó ya àwọn onímọ̀ fúnra wọn lẹ́nu. Lọ́dún 2016, àwọn olùwádìí láti ilẹ̀ Adúláwọ̀ àti ilẹ̀ Yúróòpù ṣe iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n pè ní DACCIWA. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ní Savè ní orílẹ̀-èdè Benin, àti ní Kumasi ní Gánà, wọ́n sì fi ọkọ̀ òfuurufú wọn afẹ́fẹ́ láti Lomé, ní oṣù Kẹfà àti oṣù Keje, tí òjò wa ń rọ̀. Wọ́n rí i pé èéfín igbó àti oko tí wọ́n ń sun ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Adúláwọ̀, níbi tí ẹ̀ẹ̀rùn ti ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, ń kọjá lórí òkun wá bá wa. Afẹ́fẹ́ gúúsù tó ń gbé òjò bọ̀ láti orí òkun, tí a máa ń rò pé ó mọ́, ń ru èéfín àwọn ẹlòmíràn wá pẹ̀lú.

Ṣé gbogbo àdúgbò ló ń mí afẹ́fẹ́ kan náà?

Rárá, ibí yìí sì ni ọ̀rọ̀ náà ti nípọn jù. Eruku ọyẹ́ kì í ṣe ojúsàájú: bó bá dé, Àgódí GRA á rí tirẹ̀, Bẹẹrẹ náà á rí tirẹ̀, ìyàtọ̀ àárín wọn kò sì ní pọ̀. Èéfín tí ìlú ń ṣe fúnra rẹ̀ yàtọ̀. Ó máa ń pọ̀ gan-an létí ibi tó ti ń jáde, á sì máa lọ sílẹ̀ kíákíá bí ènìyàn bá ṣe ń jìnnà sí i. Èyí tó ń jáde lára ọkọ̀ máa ń ti dínkù púpọ̀ láàrin ọgọ́rùn-ún mítà mélòó kan sí títì.

Ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn fi èyí hàn kedere. Ní apá Àgbowó, ṣọ́ọ̀bù tẹ̀ lé ṣọ́ọ̀bù, ibi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀dà ìwé tẹ̀ lé ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ, bí iná bá sì ti lọ, jẹnẹrétọ̀ kéékèèké á bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti ibi kan dé èkejì, nígbà tí Micra àti márúwá ń dúró gbèrò létí títì láìpa ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá sọdá títì, tó wọ inú ọgbà lọ, tó rìn dé abẹ́ àwọn igi inú rẹ̀, ti fi ibi èéfín sílẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Fóònù rẹ̀ kò ní yí nọ́ńbà padà. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ mọ̀.

Bí a bá wo ìlú lápapọ̀, oríṣi ibi mẹ́ta ló yọ sókè. Àwọn oríta ńlá ni èkíní: Ọ̀jọ́ọ̀, Iwo Road, Challenge, Dùgbẹ̀, Mọ́kọ́lá, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń jó dísù ti ń bá ọkọ̀ èrò du títì. Ẹ́ńjìnnì tó ń rìn díẹ̀ tó ń dúró díẹ̀ ń tú èéfín ju èyí tó ń sáré geerege lọ, nítorí náà, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ fúnra rẹ̀ jẹ́ orísun èéfín.

Èkejì ni àárín ìlú àtijọ́, láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbi tí ilé ti fún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò fi rí ọ̀nà gbà dáadáa. Ibẹ̀, ilé ìdáná ni orísun tó wúwo jù fún ọ̀pọ̀ ìdílé. Ẹ wo ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ kan ní agogo méje alẹ́: èédú ń jó nínú kọ́ọ̀lù ní ẹ̀yìnkùlé, sítóófù kerosíìnì wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá kan, jẹnẹrétọ̀ kan so mọ́ ọ̀pá fèrèsé nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí olè, àwọn ọmọ sì ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ díẹ̀ sí gbogbo wọn. Kò sí sátẹ́láìtì tó lè rí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà.

Ẹ̀kẹta ni àyíká iṣẹ́ kan pàtó. Ibi tí wọ́n ti ń la pákó ní Bódìjà kún fún lẹ́búlẹ́bú igi, wọ́n sì máa ń jó èyí tó bá pọ̀ jù. Àyíká àwọn ààtàn ìjọba, bíi Àwọtán, Ajàkáńgà, Làpítẹ́ àti Aba-Èkù, máa ń gba èéfín bí pàntí bá gbaná, ilé sì ti kọ́ sún mọ́ àwọn kan nínú wọn ju ìgbà tí wọ́n dá wọn sílẹ̀ lọ. Ní ọ̀pọ̀ odò ẹran nílẹ̀ wa, táyà ògbólógbòó ni wọ́n fi ń jó irun kúrò lára awọ màlúù kó tó di pọ̀nmọ́. Èéfín dúdú tó nípọn tó ń jáde níbẹ̀ ni àwọn tó ń jó o ń mí, láti àárọ̀ kùtù, láìfi nǹkankan bo imú. Àwọn ìyá tó ń yan gàrí náà ń jókòó sídìí iná igi fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ní gbogbo oṣù tó wà nínú ọdún. Ní ti wọn, kò sí ìgbà òjò.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ bóyá eruku ni tàbí èéfín?

Wọ́n máa ń fi PM2.5 wé PM10. Bí ìpín PM2.5 nínú PM10 bá kéré, eruku ilẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀. Bí ìpín náà bá tóbi, nǹkan kan ló ń jó. Wọ́n tún máa ń yẹ ohun tó wà lórí asẹ́ wò: sílíkọ́nì, alumíníọ̀mù àti írọ́ọ̀nù ń tọ́ka sí ilẹ̀, kábọ̀n dúdú ń tọ́ka sí èéfín.

Ẹni tí kò ní yàrá ìwádìí lè rí díẹ̀ nínú rẹ̀ lójú fèrèsé. Ẹ fi aṣọ tútù nu gíláàsì lúfà ní oṣù Kìíní: eruku tó bá wá láti aṣálẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun, kíákíá ló sì ń kúrò. Eruku títì wa pupa. Èyí tó bá dúdú, tó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí òróró, tí omi lásán kò sì lè fọ̀ kúrò lára aṣọ, láti ara epo tàbí igi tó jó ni. Ní ọ̀pọ̀ ilé tó wà létí títì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni aṣọ yóò gbé.

Kí ló ń ṣe fún ara?

WHO ṣírò rẹ̀ pé ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ ìta fa ikú àìtọ́jọ́ mílíọ̀nù 4.2 káàkiri ayé lọ́dún 2019, tí èéfín inú ilé sì fa mílíọ̀nù 3.2 lọ́dún 2020. Ọ̀pọ̀ nínú ikú wọ̀nyí kì í ṣe ti ikọ́: àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013, ẹ̀ka WHO tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, IARC, fi ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ ìta sí ara àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ. Fún Èkó, ìwádìí Báńkì Àgbáyé ṣírò ikú àìtọ́jọ́ tó tó 11,200 lọ́dún 2018 nìkan, àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Ìbàdàn fúnra rẹ̀ ti fún ayé ní ẹ̀rí pàtàkì kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Christopher Olopade ti Yunifásítì Chicago àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn kó aboyún 324 jọ, tí wọ́n ń fi igi tàbí kerosíìnì dáná. Wọ́n fún apá kan ní sítóófù tó ń lo ethanol, apá kejì ń bá ìdáná wọn lọ. Nínú èsì tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2017, ẹ̀jẹ̀ ríru bá ìdá 6.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dúró sórí igi àti kerosíìnì, ó sì bá ìdá 1.9 péré nínú àwọn tó ń lo ethanol. Ẹ̀jẹ̀ ríru nínú oyún ń gba ẹ̀mí ìyá àti ọmọ nílẹ̀ wa, nítorí náà èsì yìí kì í ṣe ohun tó yẹ kó wà nínú ìwé nìkan.

Kí wá ni wọ́n ń jiyàn lé lórí?

Àwọn tó ní ọyẹ́ ni kò ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀: ní àwọn ọjọ́ tí eruku bá dé pátápátá, òun ló pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́, kò sì sí òfin tí ìjọba Ọ̀yọ́ lè ṣe tí yóò dá Bodélé dúró. Àwọn tó ń ta kò wọ́n ní ọyẹ́ kì í ju oṣù mélòó kan lọ, pé èéfín ló ń gbé pẹ̀lú wa jálẹ̀ ọdún, òun náà sì ni ọwọ́ ènìyàn lè dínkù. Ibi tí àwọn méjèèjì ti ń fẹ́ ìpínnu ni iye ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń borí, èyí kò sì ṣeé mọ̀ láìsí ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá ní ibi púpọ̀ nínú ìlú. Àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́, NiMet, máa ń kìlọ̀ nípa ọyẹ́, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ náà sábà máa ń dá lé bí ojú ṣe lè ríran jìnnà tó. Èéfín tí ojú kò rí kò sí nínú rẹ̀.

Àríyànjiyàn kejì dá lé ẹni tí yóò san owó dídín èéfín náà kù. Òfin orílẹ̀-èdè lórí afẹ́fẹ́ wà, àjọ NESREA tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2007 ló sì ń mójú tó o. Lọ́dún 2020, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fẹnu kò pé sọ́fọ̀ (sulphur), èròjà tó ń mú kí èéfín epo burú sí i, inú epo dísù àti bẹntiróòlù kò gbọdọ̀ ju 50 lọ nínú mílíọ̀nù ìdá kan. Wọ́n ní kí epo tó ń ti òkè òkun wọlé tẹ̀ lé e láti ọdún 2021, wọ́n sì fún ilé ìfọpo abẹ́lé títí di ọdún 2025. Àwọn awakọ̀ ní ọkọ̀ àlòkù ni agbára àwọn mọ, pé bí wọ́n bá ní kí ọkọ̀ tó ń tú èéfín má rìn mọ́, ta ni yóò ra òmíràn fún àwọn? Àwọn tó ń dáná ní gáàsì ti gbówó lórí. Wọ́n ń sọ òtítọ́: lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ kéde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí náírà sì já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé padà sídìí èédú. Òfin tó bá fi jíjó pàntí ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ní àdúgbò tí ọkọ̀ akópàntí kì í dé á kàn mú kí wọ́n máa jó o lóru ni, lábẹ́ ìdérí tí a ti sọ lókè yẹn, níbi tí èéfín rẹ̀ ti burú jù.

Kí ni ẹni tó ń gbé Ìbàdàn lè ṣe báyìí?

Ìgbà àti ibi ni kó fi ṣe ìwọ̀n. Ní ìgbà ọyẹ́, eré ìdárayá ní agogo mẹ́fà àárọ̀ létí títì ń bọ́ sí àsìkò tí èéfín pọ̀ jù. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, kó tó di pé oòrùn wọ̀ tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáná, sàn jù ú lọ, àfi ní ọjọ́ tí eruku bá bo ìlú láti àárọ̀ dé alẹ́. Fèrèsé tó kọjú sí títì ṣé é tì ní òwúrọ̀ kí a ṣí i lọ́sàn-án. Aṣọ ìbomú lásán tàbí gèlè kì í dá PM2.5 dúró, ìbomú N95 tó bá lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa ló ń dá a dúró. Aṣọ tútù ni kí a fi nu ilé dípò ìgbálẹ̀ gbígbẹ. Ẹni tó ní ikọ́ fée (asthma) kò gbọdọ̀ jẹ́ kí oògùn tó ń fà símú tán lọ́wọ́ rẹ̀ láti oṣù Kọkànlá.

Bí owó bá wà fún àtúnṣe kan ṣoṣo, ibi ìdáná ni kó lọ, torí pé òun ló sún mọ́ imú jù, lójoojúmọ́, bóyá òjò ń rọ̀ tàbí ọyẹ́ ń fẹ́: gáàsì dípò èédú bí agbára bá gbé e, bí kò bá gbé e, kí iná kúrò nínú ilé sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà, kí aboyún àti ọmọ ọwọ́ má sì jókòó sí ìsàlẹ̀ èéfín. Jẹnẹrétọ̀ gbọdọ̀ jáde kúrò nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ pátápátá, kí ihò èéfín rẹ̀ kọjú síbi tí kò sí fèrèsé tiwa tàbí ti aládùúgbò, nítorí gáàsì carbon monoxide tó ń bá èéfín náà jáde, tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn, ń pa odindi ìdílé lóru kan ṣoṣo.